Àyẹ̀wò Ẹsẹ̀ Àbẹ̀ní

Ọjọ́bọ̀, oṣù Kọkànlá, 1996.

Dókítà ti la kókósẹ̀ Àbẹ̀ní ìyàwó mi láti tú iṣan ìmọ̀lára tó há sílẹ̀, bóyá ẹsẹ̀ tí àtọ̀gbẹ ti mú kú yóò tún mọ nǹkan lára. Òní ni àyẹ̀wò.

Dókítà ní kó dijú, ó fi òwú kàn án lẹ́sẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára?"

"Mo mọ̀ ọ́n, ọmọ mi."

Dókítà yíjú sáwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó ń ṣàlàyé bíi bíṣọ́ọ̀bù tó ń ya ṣọ́ọ̀ṣì sí mímọ́. Òwú wà lókè lọ́wọ́ rẹ̀, kò kan ẹsẹ̀. Àbẹ̀ní ò lajú.

"Mo tún mọ èyí náà."

Nígbà tí mo bọ́ bàtà rẹ̀ nílé, òkúta wẹ́wẹ́ kan jábọ́, ó lẹ́jẹ̀ lára. Mo yára dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́.

"Bàbá Fọlá, ṣé mo yege?"

Mo ní ó yege.