Ilẹ̀kùn Tí Ẹ Kàn, Tí A Ò Ṣí

Dádì mi ọ̀wọ́n,

Dèjì àbúrò mi ti padà sílé. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́, kí ọkàn yín lè balẹ̀ kí n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí. Ó jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà láàárọ̀ yìí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ife tíì dé ẹnu láìjẹ́ kó dà sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ ibi tí a ti ń bọ̀ kò ní mọ̀ pé ìròyìn ayọ̀ nìyẹn.

Ilé wa ní Festac ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Igi máńgòrò iwájú ilé ṣì ń da ewé sí gọ́tà, Mọ́mì ṣì ń bá a jà. Àga yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò sẹ́ni tó ń jókòó sí i, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ gbé e kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo máa ń rántí jù nípa yín ni bí ẹ ṣe máa ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin lẹ ni ilé, síbẹ̀ ẹ kì í wọ yàrá àwa ọmọ láìkọ́kọ́ fi èékánná kàn án, kó kó kó, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Ẹ á wá dúró síta títí a ó fi ní kí ẹ wọlé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàbá mi ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọ. Inú mi máa ń dùn sí yẹ̀yẹ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọtí, nítorí a ò sọ ọ́ rí nígbà tí ẹ wà láyé. Lẹ́yìn tí ẹ fẹ̀yìn tì ló bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Inú ife tíì lẹ ń bu ọtí jínì sí, ẹ ó sì fi sọ́sà bò ó. Gbogbo wa la mọ̀ pé tíì kọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ọwọ́ yín á máa gbọ̀n débi pé Mọ́mì ló ń bá yín so táì. Tí ẹ bá sì ti mu díẹ̀, ọwọ́ náà á dúró. A rò pé ìwà ni. Àìsàn ni, Dádì. Ara yín ti gba ọtí bí ó ṣe gba omi.

Ibàdàn ni mo wà, nílé ẹ̀kọ́, nígbà tí ẹgbẹ́ aláàdúrà ìjọ wa wá bá yín gba ààwẹ̀ gbígbẹ. Mọ́mì fúnra wọn ló sọ bó ṣe rí fún mi lẹ́yìn ìsìnkú. Wọ́n da gbogbo jínì yín sí gọ́tà. Wọ́n tì yín mọ́ yàrá ẹ̀yìn, kò sí oúnjẹ, kò sí omi, Mọ́mì sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìṣẹ́tí ìró wọn. Ẹgbẹ́ náà ti kìlọ̀ fún wọn pé tí ẹ bá kan ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má dá yín lóhùn, pé ẹ̀mí ọtí ló ń kàn án. Ẹ sì kàn án. Ẹ ò fọwọ́ gbá a, ẹ ò fẹsẹ̀ ta á. Èékánná lẹ fi kàn án, kó kó kó, bí ẹ ti máa ń ṣe. Nígbà tí kíkàn náà dákẹ́, wọ́n kígbe halelúyà, pé ẹ̀mí náà ti lọ.

Ọtí ló pa á: ohun tí gbogbo ayé sọ níbi ìsìnkú nìyẹn, èmi náà sì gbà á gbọ́. Àfi ìgbà tí olùkọ́ wa kan dúró níwájú kíláàsì tó ń ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ọtí ti di bárakú fún tí ó bá ṣíwọ́ mímu rẹ̀ lójijì: ọwọ́ gbígbọ̀n, òógùn, kí ojú máa rí ohun tí kò sí, kí gìrì wá mú un, kí ó sì kú. Mo gbé bírò mi sílẹ̀. Mi ò gbé e mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Iṣẹ́ tí mo wá fi ayé mi ṣe nìyẹn, Dádì. Dókítà àwọn tí ọtí àti oògùn ti di bárakú fún ni mí. Àìmọye ìyá ni mo ti ṣàlàyé fún, ní sùúrù, títí ó fi yé wọn. Ìyá tèmi nìkan ni mi ò ṣàlàyé fún. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Ṣé ẹ̀yin ì bá sọ ọ́?

Kò tíì pẹ́ tí ọ̀rọ̀ Dèjì yìí ṣẹlẹ̀. Mazamaza ló ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn bọ́ọ̀sì tó ń lọ ọ̀nà jíjìn. Ibẹ̀ ló ti ń mu paraga láàárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọtí inú ọ̀rá ò sì kúrò lápò rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Mo wá kí Mọ́mì láti Alákijà tí mò ń gbé lọ́jọ́ Sátidé kan. Kí n tó dé géètì ni òórùn jínì ti ń bọ̀ láti inú gọ́tà. Mọ́mì wé gèlè funfun. Kọ́kọ́rọ́ wà ní ìṣẹ́tí ìró wọn.

"Dókítà mi, o káàbọ̀. Wá bá mi ṣe àmín. Àbúrò rẹ ti wọnú ààwẹ̀."

"Mọ́mì, ìgbà wo ló mu ọtí gbẹ̀yìn?"

"Ọtí ti tán nílé yìí lórúkọ Jésù. Àná ni mo da gbogbo ẹ̀ nù."

Mo gbọ́ Dèjì láti inú yàrá ẹ̀yìn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lé àwọn kòkòrò ara ògiri yìí. Wọ́n ń wọ̀ mí létí."

"Ṣé o gbọ́ ọ? Ẹ̀mí ọtí náà ti ń sá lọ," Mọ́mì wí. Wọ́n di ìṣẹ́tí ìró wọn mú. "Tí o bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn, o ti ba àdúrà jẹ́ nìyẹn."

Mo lè já kọ́kọ́rọ́ gbà. Ṣùgbọ́n ṣé mo lè bá Mọ́mì ja ìjàkadì nínú ilé yín? Mo ṣe ohun tí mo máa ń ṣe fún àwọn ẹbí nílé ìwòsàn. Mo ní kí wọ́n dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣínì, kí wọ́n máa tì í. Èmi náà ń tì í láti ìta. Mo ní, Mọ́mì, èmi ni ọtí, ẹ̀yin ni ọpọlọ. Bí mo ṣe ń tì yín mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ lẹ̀yin náà ń fi agbára kún agbára, kí ẹ má bàa ṣubú. Ó ti mọ́ yín lára. Mo wá jáwọ́ lójijì. Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà, Mọ́mì sì já lù mí láyà. Mo ní, ohun tó ń ṣe Dèjì nìyẹn, ó sì lè pa á.

Mo fẹ́ kó yé wọn nípa Dèjì. Mo ń gbàdúrà kó má yé wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọn ò kúrò láyà mi. Ojú wọn lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó padà sí ojú mi.

"Dádì yín ńkọ́?"

Mi ò lè purọ́, mi ò sì lè sọ ọ́. Mo kàn dì wọ́n mú. Mo rí bí òótọ́ náà ṣe wọlé sí wọn lára, bí omi ṣe ń wọ ilẹ̀. Wọ́n fẹ́ tú kọ́kọ́rọ́, wọn ò rí i tú, bí ẹ ò ṣe máa ń rí táì yín so. Èmi ni mo bá wọn tú u.

Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni gìrì ti mú Dèjì. Abẹ́rẹ́ wà nítòsí. Wọ́n fún un ní oògùn tó ń mú ọpọlọ rọlẹ̀, wọ́n ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú fítámì àti omi tí wọ́n fà sí i lára. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó ń bá àwọn mìíràn jókòó sọ̀rọ̀: ẹni tí igbó mú, ẹni tí tramadol mú, bàbá kan tó ń darí orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó ń bú ẹnìkejì níbẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọbẹ̀ yín ò níyọ̀ o. Àbí òun náà ń gbààwẹ̀ ni?" Mo sọ fún un pé ó lè tún ṣubú, pé bí ẹ̀jẹ̀ ríru ni, a ó máa tọ́jú rẹ̀ lọ ni. Ó ṣì ń lọ sí kílíníìkì.

Mọ́mì ni mi ò mọ ilé ìwòsàn tí mo lè gbé wọn lọ. Wọn kì í kọrin mọ́. Wọ́n bi mí lọ́jọ́ kan bóyá ẹ̀yin ì bá yè ká ní àwọn ṣílẹ̀kùn. Mo ní kò sí dókítà tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi," bí ẹni tó mọ̀ pé mo ń ṣàánú òun. Dádì, nígbà tí ẹ ń kan ilẹ̀kùn yẹn, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ràn yín jù láyé ló wà lódì kejì? Ṣé ẹ bínú sí wọn? Tí ẹ bá bínú, ṣé ẹ ti dárí jì wọ́n?

Wọ́n ti ní kí káfíńtà yọ àgádágodo gbogbo yàrá. Ihò ló kù lára àwọn ilẹ̀kùn, ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá. Lánàá, èmi àti Mọ́mì wà ní yàrá wọn, à ń ká aṣọ. Dèjì dé ẹnu ilẹ̀kùn. Mi ò mọ̀ pé ó ti jogún ìwà yín. Kó kó kó.

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Mọ́mì. "Wọlé! Wọlé, jọ̀ọ́! Kò tì! Mi ò tì í!"

Dèjì yọ orí wọlé, ẹ̀rù ti bà á. "Mọ́mì, èmi ni o. Ṣájà fóònù ni mo ń wá."

Wọ́n ti dìde, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí ilẹ̀kùn. Dèjì rò pé òun ni wọ́n ń pè. Èmi mọ ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn. Ṣé ẹ gbọ́ ọ, Dádì?

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ kì í wọ yàrá rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ní kí ẹ wọlé. Ẹ wọlé.