Pátákó Tí Mo Kọ fún Ìyá Báyọ̀

Ilé Ìyá Báyọ̀,
Ẹ̀yìn Gáréèjì,
Ọ̀rẹ̀, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kejì, 1985.

Ìyìnolúwa, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé dáadáa ni o wà? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ìwé níbí, mi ò tíì rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ìwọ náà ni mo tún sá bá.

Ìyá Báyọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ń ṣe búrẹ́dì tà fún èrò ọkọ̀. Ṣùgbọ́n Búrẹ́dì Monílọ́lá ni èrò Èkó àti Bìní máa ń béèrè bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀. Fúláwà sì ti wọ́n láti ìgbà tí ṣọ́jà ti gbàjọba. Ẹni tí kò bá rí tà kò ní rí òmíràn rà. Ni Ìyá Báyọ̀ bá ní kí n kọ pátákó kan sẹ́bàá ọ̀nà: "Ṣé Búrẹ́dì Monílọ́lá lẹ ń wá? Ẹ yà síbí." Mo kọ ọ́. Èrò ń yà, ti Ìyá Báyọ̀ ni wọ́n sì ń rà lọ.

Àṣé Màmá Monílọ́lá ti fi orúkọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Lóyà wọn kọ̀wé wá pé orúkọ oníṣòwò kì í ṣe ìwọ̀ tí ẹlòmíràn fi ń pẹja. Ìyá Báyọ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ṣé mo sọ pé èmi ni Monílọ́lá ni? Ìbéèrè ni mo béèrè. Ẹni tó béèrè ilé ẹlòmíì, ṣé ó jalè ni?"

Ó pa èmi náà lẹ́rìn-ín.

Lánàá, lóyà yẹn kó ṣọ́jà méjì wá tú pátákó náà. Wọ́n béèrè ẹni tó kọ ọ́. Ìyá Báyọ̀ kò wo ojú mi. Àmúsà tó ń bá wọn pe èrò ní gáréèjì ni Ìyá Báyọ̀ nawọ́ sí. Àmúsà kò mọ A yàtọ̀ sí B. Àwọn ṣọ́jà ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lójú gbogbo ọjà. Bí ó ti fò dé ọ̀dọ̀ mi, ó rọra sọ pé, "Àbúrò, dákẹ́ o. Ìwé lo wá kà." Wọ́n sì mú un lọ.

Ọ̀túnla ni wọ́n máa gbé e dé kọ́ọ̀tù. Ọ̀gá ilé ìwé wa ti sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní ẹjọ́ yóò padà sílé bàbá rẹ̀. Síbẹ̀, màá lọ. Màá sọ pé èmi ni mo kọ ọ́.

Bá mi kí Màmá àti àwọn àbúrò rẹ. Bí o bá rí mi nílé kí sáà yìí tó parí, jọ̀wọ́, má bi mí ní nǹkan kan níwájú bàbá mi.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ̀rù ń bà,
Moyọ̀sọ́lá