Ta Ló Ń Sáré Níbẹ̀ Yẹn?

                                        Ojúlé Kẹfà,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Búrẹ́dì.
                                        Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ọmọ ìyá mi tí ìyá mi kò bí,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ara ń mókun? Ìyàwó wa ńkọ́, ṣé kò tíì fi ọ̀rọ̀ oògùn sú ọ? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti àwọn ọmọ-ọmọ tí wọ́n sọ ẹ̀yìn rẹ di ẹṣin? Ọ̀fun náà, mo kí i lọ́tọ̀, bí ẹni ń kí àna tó le: ṣé ojú ọgbẹ́ ti jinná? Ṣé oúnjẹ ń gba ibẹ̀ kọjá láìjà? Má wulẹ̀ dá mi lóhùn. Nígbà tí ohùn ṣì wà lẹ́nu rẹ, ta lo jẹ́ kó sọ̀rọ̀ parí rí? Lónìí, èmi ni mo ni ọ̀rọ̀, o ò sì lè já a gbà mọ́ mi lẹ́nu.

Èmi náà wà, ṣùgbọ́n n ò rí ìdí jókòó. Láàárọ̀ yìí mo gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá tẹ́lẹ̀. Mo gbé omi tíì kaná, mo gbàgbé rẹ̀, ó gbẹ kanlẹ̀. Lẹ́tà yìí gan-an, mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo ti ya á, mo tún ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Má fòyà, kò sẹ́ni tó kú. Ọ̀rọ̀ orin ni. Àní, orin lásán.

Ètò kan wà lórí rédíò wa níhìn-ín ní ọ̀sán Sátidé. Wọ́n á ka ogún orin tí àwọn èèyàn gbọ́ jù lọ́sẹ̀ náà, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Atọ́kùn ètò náà ń kà á bí ẹni ń ka èsì ìbò: á dákẹ́, á mí kanlẹ̀, á ní kí a di àga mú, bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé orin kan kúrò ní ipò kẹfà bọ́ sí ìkeje lọ. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó ń pè é ní àlejò ọ̀sẹ̀. O mọ̀ pé nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tèmi. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ, torí èèyàn kì í bá ẹni tó mú abẹ dání jiyàn lórí rédíò.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ti fá ìdajì orí mi, ìdajì kù, ni atọ́kùn bá ní àlejò kan wọlé sí ipò kẹtàdínlógún. Asáré lorúkọ tí olórin náà ń jẹ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni igi lórí tábìlì: pá, pá. Ó wá dákẹ́, bí ẹni pé ẹni tó ń lù ú ti gbàgbé. Lẹ́yìn náà, pá. Irun ara mi dìde. Ohùn kan bọ́ jáde:

"Ẹ dúró ná! Ta ló ń sáré níbẹ̀ yẹn? Orin ò ní sá lọ!"

Ni ìlù bá dà sílẹ̀, ni ọmọbìnrin kan bá gba orin.

Ohùn rẹ ni, ọ̀rẹ́ mi. Ohùn rẹ gan-an, pẹ̀lú imú tó máa ń dí díẹ̀ yẹn, bó ṣe ń dún láti kíláàsì ẹ̀gbẹ́ tèmi nígbà tí o bá ń fi rúlà lu tábìlì kọ́ àwọn ọmọ lórin, tí èmi ń pariwo kí wọ́n lè gbọ́ ìṣirò. Mo dìde fùú lórí àga. Onígbàjámọ̀ ní, "Bàbá, ẹ jókòó o, àbí ẹ fẹ́ kí n gé etí yín?" Mo ní kó má fọwọ́ kan etí, òun ni mò ń lò lọ́wọ́.

Látìgbà náà, kò síbi tí n ò ti ń pàdé rẹ. Ní ilé búrẹ́dì, bí ẹnì kan bá fẹ́ já ìlà, gbogbo èèyàn á ké lẹ́ẹ̀kan náà: "Ta ló ń sáré níbẹ̀ yẹn?" Mẹkáníìkì ń sọ ọ́ fún oníbàárà tó ń kánjú. Ìyàwó télọ̀ sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ, gbogbo ojúlé ló gbọ́. Sátidé tó kọjá, orin náà ti gun ipò kẹsàn-án. Àlejò ti ń béèrè yàrá tí òun máa sùn. Ọjọ́ náà ni atọ́kùn kéde pé kí ẹni tó ni ohùn "Ta ló ń sáré" yọjú ní Sátidé tó ń bọ̀, kí gbogbo ìlú lè mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ kejì ni ọmọbìnrin kan kan ilẹ̀kùn mi. Fóònù ló ń tún ṣe, ní ìsọ̀ kan tí kò ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ lẹ́yìn báǹkì. Ibẹ̀ náà ló ti gba orin náà sílẹ̀, ó ní òun fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì àlòkù bo ògiri kí ariwo títì má bàa wọlé. Bó ṣe dúró, ẹsẹ̀ kan lórí èkejì, ni mo ti dá a mọ̀. Ọmọ tó máa ń jókòó nídìí ilẹ̀kùn kíláàsì rẹ ni, èyí tó máa ń gba orin ṣáájú gbogbo èèyàn bí ẹni tí ilé bàbá rẹ̀ ń jó.

"Èmi ni mò ń sáré, sà," ló wí. "Èmi ni wọ́n ń bá wí nínú ẹ̀."

O rántí ọdún tí Ọ̀gá Àgbà ilé-ìwé wa gba ọ̀rọ̀ ìparí ọdún rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún gbogbo ọmọ tó ń jáde, kí wọ́n lè máa gbọ́ ọgbọ́n rẹ̀ títí ayé? Ẹ̀rọ náà ṣì wà ní títàn nígbà tí o wọlé wá kọ́ wọn lórin, ojú kejì kásẹ́ẹ̀tì sì gbé gbogbo rẹ̀ mì. Asáré ní òun kò tíì gbọ́ ojú kìíní títí di òní. Ṣùgbọ́n ojú kejì, òun gbọ́ ọ títí ó fi fẹ́ já.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni Tíṣà Olórin wà? Mo fẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn kí n tó dárúkọ wọn lórí rédíò."

Mo sọ fún un pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ lọ́fun, pé ohùn sì bá iṣẹ́ abẹ náà lọ. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn mi.

"Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́ rárá, sà?"

Mo ní o ń sọ̀rọ̀, ojú lo fi ń sọ ọ́, ó sì le ju ti àtijọ́ lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń nu imú. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun kò ní dárúkọ rẹ láìjẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ ní kí òun dá a. "Wọ́n á gbé gbohùngbohùn sí wọn lẹ́nu, sà, wọ́n á ní kí wọ́n tún un sọ. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lánàá, nínú oòrùn tó ń mú èèyàn bú ara rẹ̀, Ọ̀gá Àgbà wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú kóòtù, táì àti fìlà.

"Tíṣà, o gbọ́ mi lórí rédíò?"

"Mo gbọ́ ohùn kan, sà."

"Ohùn kan kẹ̀! Ohùn tó tún ilé-ìwé yẹn ṣe lo pè ní ohùn kan. Ṣé kásẹ́ẹ̀tì mi kọ́ ni? Ẹni tó ni kásẹ́ẹ̀tì ló ni ohùn."

Ó wá fi ìka lu tábìlì mi láti fi hàn mí bí òun ṣe ń ṣe é nígbà náà: pá-pá-pá, bí ẹni tó wá gba owó ilé. Tíì fò jáde nínú ife mi. Ó ti pe ilé-iṣẹ́ rédíò, wọ́n sì ti ní kó máa bọ̀. Èmi ló fẹ́ mú dání, kí n wá jẹ́rìí.

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò, sà."

"Kí ló kù tí o fẹ́ rò? Àbí o ti gbàgbé ohùn ọ̀gá rẹ ni?"

Mo ti ń to yẹ̀yẹ́ rẹ̀ jọ láti fi kọ̀wé sí ọ. Àmọ́ nígbà tó ń lọ, mo wò ó lójú fèrèsé. Àwọn ọmọ iléèwé tẹ̀ lé e, wọ́n ń ké "Ta ló ń sáré níbẹ̀ yẹn?", bàbá náà sì yíjú padà, ó ṣí fìlà fún wọn. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti fọ́n ká, n ò rí i kí ẹnikẹ́ni pè é ní títì yìí rí. Kò purọ́. Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn ni. Ni yẹ̀yẹ́ tí mo tò jọ bá tú mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo pe ìyàwó wa lórí fóònù. Ó ní òun ti gbé rédíò kúrò nílé lọ sí ṣọ́ọ̀bù, torí bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, o máa ń kọjú sí ògiri. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wá béèrè ohùn lọ́wọ́ ẹni tí kò ní." Mo ní kò burú. Mo ti fẹ́ máa pa fóònù. Ó wá ní, "Àmọ́ tirẹ̀ ni. Ẹ kọ ọ́ sí i, kó fúnra rẹ̀ sọ tinú rẹ̀."

Ohun tó gbé mi dìde lórí ìjókòó nìyẹn. Bí mo bá sọ òótọ́ láìgba àṣẹ rẹ, mo lè ṣí ilẹ̀kùn rẹ fún ariwo tí o ò pè. Bí mo bá panu mọ́, ohùn rẹ kan ṣoṣo tó kù láyé máa jẹ́ ti ẹlòmíràn láti Sátidé lọ. Ìwọ lo máa ń sọ pé orin ò ní sá lọ. Ọ̀rẹ́ mi, èyí ń sá lọ o. Orin inú ètò yẹn kì í mú ìjókòó gbóná kí wọ́n tó lé e dìde, ohun tí ìlú bá sì ti gbà gbọ́ lọ́jọ́ kan, kò sí tíṣà tó lè pa á rẹ́ lójú pátákó mọ́.

Bá mi kí ìyàwó wa, kó má bínú sí mi. Kí àwọn ọmọ, kí ẹlẹ́ṣin kékeré orí ẹ̀yìn rẹ. Onígbàjámọ̀ kí ọ láìmọ̀ pé ìwọ ni òun ń kí.

N ò tíì parí. Asáré ló mú lẹ́tà yìí wá. Òun ló dúró níwájú rẹ yẹn. Bí mo ṣe ń kọ ọ́, ó ti yọjú wo ojú bébà mi ní àìmọye ìgbà bóyá mo ti kọ ọ́ tán, àfìgbà tí mo bi í pé ta ló ń sáré níbẹ̀ yẹn. Orin náà wà nínú fóònù rẹ̀. Bí o kò bá fẹ́ gbọ́ ọ, mi orí, á fi í sápò. Bí o bá gbọ́ ọ, tí o sì fẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀, ká ọwọ́ rẹ lé itan: Sátidé, màá lọ pàtẹ́wọ́ fún Ọ̀gá Àgbà, ẹnu mi kò sì ní ya láéláé. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́, lu tábìlì fún un bí o ṣe máa ń lù ú. Á dárúkọ rẹ, kò sẹ́ni tó máa gbé gbohùngbohùn wá bá ọ, èmi fúnra mi ni màá sì lọ bá bàbá náà sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́ kí ó tó wọ kóòtù.

Bí o bá lù ú lẹ́ẹ̀mejì, tí o dákẹ́, wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ó dá mi lójú pé lọ́tẹ̀ yìí, ó máa dúró de ìkẹta.

Èmi náà ni, tìrẹ láti kíláàsì kejì,
Tíṣà Oníṣirò.