Bá Mi Kí Bọ́jẹ́ẹ̀tì ní Ìbàdàn

Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà,
Oṣù Kẹfà, 1955.

Ọdúntán, Àlàní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé o ń jẹun yó? Iṣẹ́ ìjọba tí o ń ṣe ní Ìbàdàn kò ní gbé ọ mì, ẹni tó bá sì ní kí o má jókòó lórí àga rẹ, òun náà kò ní ríbi jókòó. Èmi ìyá rẹ wà láàyè, ẹsẹ̀ nìkan ni kò gbọ́ràn mọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìwé yìí, ẹ̀kọ́ àgbà ti ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́ mi, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ bá gun orí ara wọn, fi sùúrù yà wọ́n.

Ilé dákẹ́, ọmọ mi. Nọ́síràtù ti lọ, nọ́ọ̀sì ọmọ Òṣogbo tó ń gbẹ̀bí nílùú wa, tó ń gbé inú yàrá rẹ. Ìmàle ni, èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n inú ìkòkò kan la ti ń jẹun, bó bá sì ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó tì mí, á máa sọ irú ọmọ tó gbà lọ́jọ́ náà fún mi. Ọ̀gá tíṣà ló dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní Bọ́jẹ́ẹ̀tì ti jáde ní Ìbàdàn, ó ti kó owó sí ilé ìwé ọ̀fẹ́, inú wa dùn, a pàtẹ́wọ́. Àfi bó ṣe ní Bọ́jẹ́ẹ̀tì kò rí owó fi sílẹ̀ fún ilé ìgbẹ̀bí wa lọ́dún yìí, wọn yóò tì í pa. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni Nọ́síràtù di ẹrù rẹ̀. Ó ń sunkún, mo ní kó má sunkún, nígbà tí lọ́rì sì gbéra, èmi ni mi ò lè dákẹ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìrọbí mú Àdùnní, aya Ọláìtán tí ògiri ilé wọn kan tiwa. Ọkọ rẹ̀ wà lóko kòkó, èmi ni mo bá a wọ lọ́rì tó ń lọ sí Iléṣà. A kò tíì dé Ìwáràjà tí ọmọ ní òun ò lè dúró. Dírẹ́bà dá ọkọ̀ dúró, ó kẹ̀yìn sí wa, àwọn obìnrin fi aṣọ yí wa ká, èmi tí mi ò gbẹ̀bí rí ni mo gba ọmọ náà. Kò ké. Mo rántí ohun tí Nọ́síràtù máa ń sọ, mo nu ẹnu rẹ̀, mo fọwọ́ ra á lẹ́yìn, ó bá ké. Obìnrin ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ kò dá títí a fi dé ọsibítù, Ọlọ́run ni kò jẹ́ kó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ọláìtán wá ní òun kò lè fi aya òun sílùú tí kò sí nọ́ọ̀sì, ó kó wọn lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Iléṣà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn ògiri náà ṣe dákẹ́.

Bí mo ti wà ní Iléṣà lọ́jọ́ tí a bí ọmọ náà, mo lọ sí ilé káńsù, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára aṣọ mi, mo ní mo fẹ́ rí Bọ́jẹ́ẹ̀tì. Akọ̀wé fún mi ní àga. Ó ní, "Ìyá, Bọ́jẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ènìyàn. Ìwé ètò owó ìjọba ni." Mi ò bá a jiyàn, ọmọ dáadáa ni, ọ̀gá rẹ̀ ló ń bò láṣìírí. Ìwé wo ló lè lé Nọ́síràtù kúrò nílé mi? Ìwọ tí o wà ní Ìbàdàn, wá ilé rẹ̀ kàn. Má bá a jà. Sọ fún un pé ilé ìwé rẹ̀ dára, àwọn ọmọ ń kọrin lọ láàárọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń bí wọn ló tì pa. Ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Bí ọwọ́ rẹ bá gbé e, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún mi, kẹrosíìnì ni mo fẹ́ fi rà. Àtùpà ni mò ń tàn sí yàrá rẹ lálaalẹ́, kí ẹni tó bá ń kọjá lè rò pé a pé méjì nílé. Bí kò bá sí owó, má ronú, ìwọ gan-an ni kí o wá.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o dàgbà sínú ilé tó dákẹ́. Àwọn ọmọ rẹ yóò pariwo lé ọ lórí títí o ó fi máa bẹ̀ wọ́n.

Èmi ni ìyá rẹ,
Dúróoríkẹ́.