Ìwé Nọ́ọ̀sì Inú Kọ̀ǹpútà àti Ìpínlẹ̀ Aláwọ̀ Eérú

Marlena ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, ìyá rẹ kí ọ, ajá rẹ tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì náà ìbá kí ọ bí ó bá lè di bírò mú. A dúpẹ́ pé ilẹ̀ mọ́ bá wa. Mo gbà á ládùúrà pé kí òtútù Chicago má ríbi wọlé sí ọ lára, kí yìnyín má gbé ẹsẹ̀ rẹ, kí ọ̀gá rẹ níbi tí o ti ń tọ́jú àwọn arúgbó má rí ẹ̀bi rẹ. Tí o bá ń bèèrè wa, bí o ṣe fi wá sílẹ̀ náà la wà, àfi pé orúnkún ìyá rẹ ti ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí rédíò tó sọ, odò sì kún dé ẹ̀yìn abà tábà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n ó ti padà sí àyè rẹ̀, ó fi bàtà ẹnì kan sílẹ̀ fún wa, ẹsẹ̀ òsì.

Mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù. Lákọ̀ọ́kọ́, fóònù kì í jẹ́ kí èèyàn ronú. Lẹ́ẹ̀kejì, fóònù mi ò ṣeé gbé mọ́, o máa rí ìdí rẹ̀ bí o bá ṣe ń kà á lọ.

O rán mi níṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, iṣẹ́ kan ṣoṣo. O ní o fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì orí ayélujára kan, o ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí ni o gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé, o ní kí n bá ọ wádìí bóyá tí o bá kà á tán níbẹ̀ ní Illinois, wọ́n máa jẹ́ kí o ṣe nọ́ọ̀sì níbí ní Kentucky, ní kílíníìkì tí Miss Imogene ti fẹ́ fi sílẹ̀ nítorí ọjọ́ orí. O ní tí kò bá ní ṣeé ṣe, o ò ní fi ọdún mẹ́ta ṣòfò. Nígbà tí ìyá rẹ gbọ́ pé o fẹ́ padà wálé, ó sunkún sínú ìkòkò ẹ̀wà tó wà lórí iná, a ò sì fi iyọ̀ sí i mọ́ lọ́jọ́ náà.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ láísẹ́ńsì ni, ọ̀dọ̀ Purvis ni mo kọ́kọ́ gbà lọ, nítorí òun ló ń ta láísẹ́ńsì ní gbogbo àgbègbè wa, ti ẹja, ti àgbọ̀nrín, ti tòlótòló ìgbẹ́, gbogbo ẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike tó ń kó ekòló sí. Mo bi í pé èló ni ti nọ́ọ̀sì, àti pé tí èèyàn bá gbà á lódì kejì odò, ní Illinois, ṣé ó ṣì máa ṣiṣẹ́ níhìn-ín. O mọ Purvis, kì í gbà pé òun ò mọ nǹkan. Ó gbé ìwé òfin ọdẹ àti ẹja pípa jáde, ó fi itọ́ kan ìka, ó ṣí i títí, ó ní ìwé náà ò dárúkọ nọ́ọ̀sì ṣùgbọ́n òfin ni òfin ń jẹ́. Ó ní bí o bá wà nínú ọkọ̀ ojú omi láàárín odò, láísẹ́ńsì tiwa àti tiwọn ò yàtọ̀, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ léèrè, ṣùgbọ́n tí o bá ti imú ọkọ̀ rẹ bọ ẹnu ìṣàn omi kékeré kan lọ́dọ̀ wọn, olè ni ọ́, aṣọ́gbẹ́ á gbé ọ. Ó ní nítorí náà kí Marlena máa wo ibi tó bá dúró sí dáadáa kó tó gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ra ekòló kí ó má baà dà bíi pé mo kàn wá jẹ àkókò rẹ̀.

Nígbà tí mo ro èyí fún ìyá rẹ, ó wò mí bí ẹni ń wo mẹ́kúnnù tó fẹ́ ra ọkọ̀ òfurufú. Ó ní ta ni aláìsàn tó máa ń lọ gba abẹ́rẹ́ láàárín odò? Ó ní kí n pe ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ kí n yé dààmú ekòló.

Mo pè wọ́n. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ dùn, mo kí i, mo béèrè ilé, mo sọ fún un nípa orúnkún ìyá rẹ, kò dáhùn, ó ṣáà ń ní tẹ oókan, tẹ eéjì, tẹ ẹẹ́ta. Mo rò pé ọmọ kékeré ló ń kọ́ ní ìṣirò lọ́wọ́ níbẹ̀, mo wá dákẹ́ kí n má baà da wọ́n láàmú. Nígbà tó pẹ́, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Colby bọ́ sí i. Marlena, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ó ní Bàbá, ṣé ẹ nífẹ̀ẹ́ láti máa ran èèyàn lọ́wọ́? Mo ní mo nífẹ̀ẹ́ sí i. Ó ní ṣé ẹ parí ilé ìwé gíga? Mo ní mo parí ẹ̀ lọ́dún 1974, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣirò ò mọ́ tó bó ṣe yẹ. Ó ní ẹ kú oríire. Mo rò pé ó ń bá mi yọ̀ nítorí ọmọ rere tí mo bí ni, mo sì ṣe àmín. Ó ní òun máa fi ìwé kan ránṣẹ́ sórí fóònù, kí n kà á, tí mo bá gbà kí n tẹ ibi tí wọ́n kọ mo gbà sí. Ojú ìwé mọ́kànlélógójì ni. Mo ka méjì, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tutù bí omi àmù, ẹ jọ̀wọ́ níhìn-ín, a dúpẹ́ lọ́hùn-ún. Ta ló máa ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí á ní òun ò gbà? Mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí n fi fóònù ya ara mi, mo yà á.

Lọ́jọ́ kẹjọ, àpò ìwé ńlá kan dé, orúkọ mi ló wà lára rẹ̀. Hoyt Lashbrook, a kí ọ káàbọ̀ sí ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ọ̀la. Mo ti ní nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́. Mo ti ní káàdì, àwòrán iwájú orí mi àti fíríìjì tó wà lẹ́yìn mi ló wà níbẹ̀. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú, láti ọjọ́ náà ni kò ti pè mí lórúkọ mọ́, Nọ́ọ̀sì, wá wo orúnkún mi, Nọ́ọ̀sì, gbé ìdọ̀tí jáde. Ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọkùnrin ń na apá sí mi pé kí n wo ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn. Wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ra ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà, mo sì rà á, nítorí èmi kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń ya aláìgbọràn. Mo ti gbọ́ àyà ajá, ti ìyá rẹ, àti ti ẹ́ńjìnnì tí a fi ń gé koríko. Ti ẹ́ńjìnnì ni kò dá mi lójú.

Ṣùgbọ́n ìwé kan wà nísàlẹ̀ àpò náà tó dà mí lọ́kàn rú. Máàpù ni, gbogbo ìpínlẹ̀ ló wà níbẹ̀, àwọn kan ní àwọ̀ ewé, àwọn kan pupa, tiwa sì rí bí eérú. Mo kọ́kọ́ rò pé máàpù ibi tí a ti lè yìnbọn pa àgbọ̀nrín ni, mo bínú pé kí ló dé tí wọ́n fi dín tiwa kù. Ìgbà tí mo ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo rí i pé àwọ̀ ewé ni pé ìwé ẹ̀rí wọn bá ohun tí ìpínlẹ̀ náà ń fẹ́ mu kó tó fún nọ́ọ̀sì láṣẹ. Pupa ni pé kò bá a mu. Eérú ni pé àwọn fúnra wọn ò tíì mọ̀, kí èmi tí mo ń gbé Kentucky lọ bèèrè. Illinois tìrẹ rí bí ewé tútù. Marlena, báwo lèèyàn ṣe máa tà mí ní màlúù tó máa ní òun ò tíì mọ̀ bóyá màlúù ni? Mo bi Colby. Ó ní Bàbá ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í ní ìṣòro. Mo ní ó dáa, mélòó nínú wọn ló ti Kentucky wá? Ó ní òun máa pè mí padà. Ó ti pè mí padà nígbà mọ́kànlá, kò tíì dáhùn ìyẹn, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gbé fóònù mọ́.

Mo wá gbé ìwé náà lọ bá Miss Imogene. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti kọ́kọ́ lọ, ìyá rẹ ti sọ ìyẹn fún mi, má tún un sọ. Wọ́n fi awò ojú méjì lé ara wọn, wọ́n kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Ọlọ́run má jẹ́ kí n dé ọwọ́ rẹ, Hoyt. Nígbà tí wọ́n débi máàpù, ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn. Wọ́n ní tí kì í bá ṣe ti agọ̀ tí mo gọ̀ ni, kò sẹ́ni tó máa rí ìwé yìí, nítorí pé Illinois ni ìwọ kọ síbi tí wọ́n ti bi ọ́ pé níbo lò ń gbé, ewé tútù nìkan ni wọ́n máa fi hàn ọ́ kí o tó fọwọ́ síwèé, ẹ̀yìn ìgbà náà ni odindi máàpù ń dé.

Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, bó ṣe yé mi nìyí. Ìdánwò àwọn nọ́ọ̀sì, ọ̀kan náà ni ní gbogbo orílẹ̀-èdè, ìyẹn kì í ṣe ìṣòro. Inú kọ̀ǹpútà tí èèyàn ti kàwé náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ìwé nìkan la ń kà níbẹ̀, ọwọ́ gidi lèèyàn fi ń kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù gidi. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àjọ tirẹ̀, àjọ náà á wo ilé ẹ̀kọ́, á wo ọsibítù tí o ti kọ́ṣẹ́, kó tó gbà ọ́. Wọ́n ní àṣẹ tí Kentucky bá fún nọ́ọ̀sì tí ilé rẹ̀ wà níbí máa ń wọ nǹkan bí ogójì ìpínlẹ̀ láìkanlẹ̀kùn. Èyí tí Illinois bá fún ọ, Illinois ló mọ. Kì í ṣe pé o ò lè wá o, wàá kàn wá kanlẹ̀kùn, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ilé ẹ̀kọ́ wò. Mo ní a jẹ́ pé a wà nínú ọkọ̀ ojú omi nìyẹn. Wọ́n ní kò sí ọkọ̀ ojú omi nínú ọ̀rọ̀ yìí, Hoyt. Mo ní ta wá ni aṣọ́gbẹ́? Wọ́n na ọwọ́ mú fóònù.

Wọ́n pe àjọ nọ́ọ̀sì ti Kentucky níṣojú mi. Àjọ ní kí a kọ̀wé, àwọn máa fèsì, ṣùgbọ́n kì í ṣe kí ọjọ́ Ẹtì tó dé. Miss Imogene kọ lẹ́tà náà lójú ẹsẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n wá dojú kọ mí. Wọ́n ní, "Sọ fún ọmọ yẹn kó má fọwọ́ sí nǹkan kan títí èsì á fi dé. Tí wọ́n bá ní rárá, ilé ẹ̀kọ́ mìíràn wà tó ń kọ ọ́ síta gbangba pé àwọn bá Kentucky mu, èmi á bá a wá a." Mo ní ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀ ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Kérésìmesì. Wọ́n ní, "Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, mo ti gún gbogbo ìdí tó wà ní ìlú yìí lábẹ́rẹ́, tìrẹ náà wà níbẹ̀. Màá dúró dè é."

Nítorí náà má fọwọ́ sí i. Gbogbo iṣẹ́ tí o rán mi nìyẹn. Ìyókù ò tíì yé mi, ṣùgbọ́n ìyẹn yé mi.

Jọ̀wọ́, fi ogójì dọ́là ránṣẹ́, nítorí owó ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà yẹn ti jẹ owó epo ọkọ̀, wọn ò sì gbà á padà mọ́ lẹ́yìn tí mo ti fi kan ẹ́ńjìnnì. Kí o sì bá mi pe Colby, sọ fún un pé mo ti fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Rọra sọ ọ́ o, ó ní ìrètí nínú mi.

Kí Olúwa tó dá odò sí àárín ìpínlẹ̀ méjì láì bi ẹnikẹ́ni léèrè máa ṣọ́ ọ. Kí ọwọ́ rẹ tu aláìsàn lára, kí abẹ́rẹ́ rẹ má bọ́ sí egungun. Ìyá rẹ ní kí n fi kún un pé òun ti kó àwọn orí àgbọ̀nrín mi kúrò ní yàrá rẹ, ó sì ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí àjọ bá gbà, wá. Bí àjọ bá ní ìwé rẹ ò lè wọlé, ṣáà máa bọ̀, kò sí àjọ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tiwa.

Èmi ni bàbá rẹ,
Hoyt Lashbrook, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì títí di ìgbà tí o bá pe Colby