Bàbá Tó Ń Fi Etí Wo Ẹ́ńjìnnì: Don Fortunato Quisbert, 1951–2024

Létí adágún Poopó, nígbà tí omi ṣì kún inú rẹ̀, ni a ti bí bàbá wa, Don Fortunato Quisbert, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin ọdún 1951. Apẹja ni Don Hilarión tó bí wọn. Doña Saturnina ìyá wọn ń da àgùntàn. Nínú ọkọ̀ ojú omi ni bàbá wọn ti máa ń ní kí wọ́n dijú, kí wọ́n fi etí sọ ibi tí ẹyẹ wà. Adágún náà ti gbẹ báyìí, ṣùgbọ́n bàbá wa kò yéé lá àlá rẹ̀.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà lábúlé, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní ìlú Oruro. Ní ọdún 1976, lọ́rì bàbá Benita Lazarte bàjẹ́. Iṣẹ́ wákàtí méjì ni, bàbá wa fi ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣe é. Àna wọn kò fura. Benita fura, ó sì ń gbé ife àpí, ohun mímu àgbàdo gbígbóná, lọ bá wọn láràárọ̀. Wọ́n ṣègbéyàwó lọ́dún náà.

Láti ọdún 1984 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Oruro ní iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ọmọ kankan kò gbọdọ̀ mú sípánà kó tó fi orí igi ìgbálẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì, kó fi orí kejì sétí, kó sì dijú. Ẹni tó bá kọjá lójú fèrèsé á rí ogún ọmọ tó dijú yí ẹ́ńjìnnì kan ká, wọ́n á sì dákẹ́ bí ẹni ń gbàdúrà. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bàbá á lọ gbọ́ Máàsì, wọ́n á sì bá àlùfáà tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tí àìsàn dé ní ọdún 2021, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ní àfi kí bàbá fọwọ́ sí ìwé yan arọ́pò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́jọ́ tí bàbá kò bá sí mọ́, wọn yóò ti kíláàsì náà pa. Gbogbo wa mọ̀ pé Yola Condarco ló yẹ, akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtijọ́ tó ti ń ràn wọ́n lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́wàá. Bàbá kọ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ, “Ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù, ọ̀gá mi,” ni Yola máa ń dáhùn. Bàbá ní, “Tí mi ò bá sí mọ́, ta ló máa sọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì fún un?” Ọdún mẹ́ta ni ìwé náà fi wà lábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Ó dùn wá, a tilẹ̀ bínú sí wọn.

Lọ́jọ́ Túsìdeè àjọ̀dún Carnaval ọdún yìí, a gbé wọn lọ síbi iṣẹ́ kí wọ́n lè bá àwọn ọmọ ṣe ch'alla, ètò ìbùkún irinṣẹ́. Wọ́n ta ọtí sílẹ̀ fún Pachamama, Ìyá Ilẹ̀, wọ́n sì da ìwé wẹ́wẹ́ aláwọ̀ mèremère sórí ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó di Sátidé, ẹ́ńjìnnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Yola àti àwọn ọmọ fi ọmọlanke tì í wá sí ojú fèrèsé yàrá bàbá. Bàbá fi igi sétí, wọ́n dijú.

“Fáàfù sílíńdà kẹta ni. Ẹ tú orí ẹ̀.”

Yola náà dijú. Ó gba igi náà, ó fi í sétí.

“Rárá o, ọ̀gá mi. Ẹ má bínú. Kò sóhun tó ṣe sílíńdà kẹta. Kò rí atẹ́gùn mí ni. Ìwé ch'alla yín ló há a lọ́fun.”

“Ìwọ Yola, èmi lò ń pè ní òpùrọ́?”

“Mo ní ẹ ṣì í ni, sà.”

Ó tú kabúrétọ̀. Ìwé pupa àti òféèfèé kún inú rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n fa ìwé abẹ́ ìrọ̀rí jáde, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Bóyá wọ́n ṣì í lóòótọ́ ni o, bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni, wọn kò sọ fún ìyá wa pàápàá.

Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejì, wọ́n jí láàárọ̀, wọ́n ní àwọn ń gbọ́ ẹyẹ lórí omi. Wọ́n tún sùn, wọn kò sì jí mọ́. Wọ́n fi Doña Benita sílẹ̀ sáyé, àti àwọn ọmọ wọn: Rosendo, Maruja àti Efraín, ọmọ-ọmọ méje, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a kò lè kà tán.

Ẹ sùn re, bàbá. Ẹ dijú, kí ẹ tẹ́tí sílẹ̀: lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Yola yóò tan ẹ́ńjìnnì.