Ojú Tó Mọ Bàbá Níjà

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Èmi àti Bàbá jiyàn lórí afẹ̀ṣẹ́jà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Kò dé Ìjẹ̀bú-Òde rí, síbẹ̀ gbogbo wa ń pè é ní ọmọ wa. Mo ní ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wọ gbọ̀ngàn àwọn akọni ẹ̀ṣẹ́.

“Gbajúmọ̀ lásán ni,” ni Bàbá wí. Àwọn náà kan ẹ̀ṣẹ́ nígbà èwe. “Igba ojú ló mọ̀ ọ́n. Ta ló nà?”

“Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Ojú mélòó ló mọ̀ yín?” Àwàdà ni mo fi ṣe.

“Ìyá ẹ nìkan ló ń wá wòran.”

Àná la ṣe fídáù Màámi.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń jà hàn mí.

Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n dìde.